Ohun Tí Alárùn Ọkàn Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Sọ

Àwòrán ọkàn máa ń fi hàn bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá aláìsàn ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó wẹ̀ tán. Ẹni méjì tí àwòrán ọkàn wọn jọra lè yàtọ̀ síra nílé: ọ̀kan ń ná ọjà, èkejì kò lè gun àtẹ̀gùn láìmí gúlegúle. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n bi aláìsàn fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìwé ìbéèrè kan tó gbajúmọ̀ fún ọkàn tí agbára rẹ̀ ti dínkù ni Kansas City Cardiomyopathy Questionnaire, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Ìbéèrè 23 ló ní. Èyí tí wọ́n gé kúrú ní 12. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń wádìí. Ṣé ẹsẹ̀ máa ń wú bí ilẹ̀ bá mọ́? Ṣé ìjòókòó ni aláìsàn ń sùn, tàbí ó ń to ìrọ̀rí mẹ́ta léra kó tó lè mí? Ìwẹ̀ ńkọ́, iṣẹ́ ilé ńkọ́, àti lílọ kí ẹbí? Wọ́n á sọ ìdáhùn di máàkì láti 0 sí 100. Bó bá ṣe ga tó ni ara ṣe yá tó. Bó bá fi 5 wálẹ̀, ó tó ohun tí dókítà ń tìtorí ẹ̀ tún oògùn wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n bá bi pé "Ṣé ara le?" ni yóò dáhùn "A dúpẹ́", kódà bó jẹ́ orí àga ló sùn mọ́jú. Ọmọlúàbí ló ń ṣe, àmọ́ dókítà kò rí nǹkan kan dìmú níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti pa ìrìn tì pátápátá, ó wá ní èémí kì í gé òun mọ́. Nítorí náà, ohun tí ó ti ṣíwọ́ ṣíṣe ni kí ará ilé bi í.

Níbi tí ìwé ìbéèrè kò sí, ìwé kékeré kan tó: iye ìrọ̀rí, ibi tí ó lè rìn dé, ẹsẹ̀ wíwú, àti ìwọ̀n ara láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kó tó jẹun. Bí ìwọ̀n bá fi ju kílò 2 lọ sókè láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló sábà máa ń jẹ́. Kí wọ́n sọ fún ilé ìwòsàn láìdúró de ọjọ́ àdéhùn. Àyà tó ń dunni bí ohun tó wúwo, dídákú, tàbí èémí tó ń gé lórí ìjòókòó kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé: ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.