Ìgbànú Tuntun, Etí Àgbà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ tó ń gbéra ga la sábà máa ń pa òwe yìí fún, kó lè mọ àyè ara rẹ̀. Àmọ́ òwe náà lójú kejì. Bí àgbà bá ká àkísà rẹ̀ pamọ́ sílé, tó ra aṣọ ọmọdé wọ̀, tó wá tò sáàárín àwọn ọmọdé pé kí wọ́n pín ẹran fún òun náà, ta ni yóò dá a mọ̀? Ìjà kan tó ṣojú mi ni mo fẹ́ fi tú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Yarnton Way tí mò ń gbé, ní Thamesmead, aládùúgbò mi kan wà, obìnrin ọmọ Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì ni. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19, ti ń kọ́ jiu-jitsu ti àwọn ará Bràsíl fún bí oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, èmi ni wọ́n bẹ̀ pé kí n fọkọ̀ gbé wọn lọ.

Ẹni tí wọ́n pè jáde pé kó bá a jà so ìgbànú funfun bíi tirẹ̀. Tiẹ̀ tilẹ̀ funfun ju tọmọ wa lọ: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀rá ni, ó le débi pé etí rẹ̀ méjèèjì nà síta bí ìwo àgbò. Àmọ́ kì í ṣe etí ìgbànú ló gba ojú mi, etí ọ̀gbẹ́ni náà fúnra rẹ̀ ni. Ó ti wú, ó ti ká kò, ó le bíi kókó ara igi. Irú etí bẹ́ẹ̀ kì í sábà hù lóṣù mẹ́jọ. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dá sábẹ́ awọ etí bí wọ́n bá ń ha á mọ́ orí àti èjìká ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Tó bá pẹ́, á dì, á le, kò sì ní í rọ̀ mọ́. Àwọn oníjàkadì la sábà máa ń bá a lára wọn. Ìgbànú ọkùnrin yìí kò tíì pé oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀, etí rẹ̀ ti gbó bí aṣọ oko.

Rẹfirí ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí n tó ka ẹẹ́ta, ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti kó itan ọmọ wa méjèèjì, ó gbé e, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ìyá ṣe ń tẹ́ ọmọ tó sùn. Pọ́ìntì méjì. Ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta sí i. Ó wá fi àyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìṣẹ́jú márùn-ún fi pé. Kò ṣe é léṣe, kò sì rú òfin kankan. Márùn-ún sí òdo.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ìyá ọmọ náà ò lè mú un mọ́ra. "Bọ̀dá mi, wọ́n rẹ́ ọmọ yìí jẹ. Ṣé ẹ rí etí ọkùnrin yẹn?" Ọmọ dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀: "Mọ́mì, ìgbànú funfun lòun náà so kẹ̀." Àwọn méjèèjì ló jàre. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le.

Ìgbànú ò purọ́ o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti dáhùn: ọdún mélòó lo ti lò nínú ilé yìí? Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ fi ìgbànú dúdú ya akẹ́kọ̀ọ́ judo tó ti gòkè sọ́tọ̀. Gunji Koizumi, ọmọ Japan kan, dá ilé-ẹgbẹ́ judo Budokwai sílẹ̀ ní London níbí ní 1918, kí 1930 sì tó dé, wọ́n ti ń lo ìgbànú aláwọ̀ oríṣiríṣi níbẹ̀. Jiu-jitsu gba àṣà yẹn. Lónìí, àgbàlagbà tó bá bẹ̀rẹ̀ yóò so funfun, lẹ́yìn náà aláwọ̀ aró, aláwọ̀ àlùkò, aláwọ̀ ilẹ̀, kó tó kan dúdú. Lábẹ́ òfin IBJJF, ẹgbẹ́ ńlá tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu, aláwọ̀ aró nìkan lè gba ènìyàn ní ọdún méjì kó tó kọjá. Ẹni tó bá rí i ní ìdí ènìyàn, ó mọ iye ọjọ́ tó ti lò ní ilé jiu-jitsu. Ohun tó ṣe nílé ibòmíràn kó tó débẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi ìgbànú.

Àwọn kan á ní ìjàkadì ọ̀tọ̀, jiu-jitsu ọ̀tọ̀. Òótọ́ ni. Nínú ẹkẹ tí a ń mú nílé, lábẹ́ òṣùpá, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti lulẹ̀ nìyẹn, ìyókù di ẹ̀rín. Nínú jiu-jitsu, ibẹ̀ gan-an ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn lè fínúfíndọ̀ jókòó sílẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹni tó wà lókè, kó sì ti ìsàlẹ̀ fún un lọ́rùn. Lọ́jọ́ náà, mo rí àwọn méjì tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìjà mìíràn, díẹ̀ ló kù kí n pariwo "Dìde!" bí bàbá tó rí ọmọ rẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀.

Nítorí náà, oníjàkadì ní ibi tí ó ti jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kó má ṣe jẹ́ kí èjìká rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Bó bá fẹ́ ṣubú, á yára dojú bolẹ̀. Nílé tirẹ̀, ọgbọ́n nìyẹn. Nínú jiu-jitsu, ó ti kó ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọ̀tá. Ẹni tó bá gun ẹ̀yìn yẹn, tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ọ nítan, ti gba pọ́ìntì mẹ́rin, apá rẹ̀ sì ti ń wá ọrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jẹ́ pé bó bá fi orí sí ìta nígbà tó ń sáré gbá itan mú, ọrùn rẹ̀ lè há sí abẹ́ apá ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ̀sùn ìyá ọmọ? Ẹ wo ibi tí ẹ̀tàn wà. Láàárín àwọn onígbànú funfun, gbogbo agbára oníjàkadì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn tó lè fi àìmọ̀ rẹ̀ hàn án kò sí níbẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gun ẹ̀yìn ẹni, ọrùn tó há sí i lábẹ́ apá pàápàá á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìjà náà kúrú pẹ̀lú: ìṣẹ́jú márùn-ún ni fún funfun, mẹ́fà fún aláwọ̀ aró, títí dé mẹ́wàá fún dúdú. Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáni lè jókòó lé èrè rẹ̀ títí aago fi máa lù. Ẹ gbé ọkùnrin kan náà sáàárín àwọn aláwọ̀ aró, yóò ṣì máa dá wọn, àmọ́ yóò bá ẹni tó máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ dè é. Ibẹ̀ ni ìjà wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú kékeré wo bí ìjàkadì ṣe lè gbéni jìnnà tó. Ní 1999, Mark Kerr, tó ti gba ife ìjàkadì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, lọ sí Abu Dhabi, ó gba ẹ̀yẹ ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní ADCC láàárín àwọn tó wúwo jù. Ní 2019, Nicky Rodriguez, oníjàkadì tí ìgbànú rẹ̀ ò tíì kọjá aláwọ̀ aró, dá àwọn onígbànú dúdú nínú ADCC náà, ó sì ṣe ipò kejì. Ariwo ìyanu ló tẹ̀lé e, kì í ṣe ariwo ìrẹ́jẹ. Kí ló fà á? ADCC ò fi ìgbànú pín ènìyàn. Agbára tó hàn lára ẹni ni wọ́n ń wò, ìwọ̀n ara sì ni wọ́n fi ń pín wọn. Kerr àti Rodriguez gbé àkísà wọn lọ́wọ́ wọlé, gbogbo ayé rí i.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Thamesmead tí mò ń gbé yìí, irà ni tẹ́lẹ̀. Omi bo àgbègbè yìí ní 1953. Nígbà tí ìjọba London fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, èyí tí àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọ̀ ní 1968, ilẹ̀ ti gbẹ lójú, àmọ́ wọn ò gba ojú gbọ́. Wọ́n bi ilẹ̀ léèrè ìtàn rẹ̀, wọ́n sì fi ìsàlẹ̀ ilé ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí yàrá tí ènìyàn ń sùn má bàa wà níbi tí omi lè dé. Ìgbànú funfun lè gbẹ lójú bẹ́ẹ̀, kí odò máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

Lábúlé, kò sẹ́ni tó nílò fọ́ọ̀mù. Kí ọmọkùnrin kan tó dé àgbàlá fún ẹkẹ, òkìkí rẹ̀ ti débẹ̀: gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó ti dá gbogbo ọmọ agboolé kejì tán. Àgbà kan á na ọwọ́, á ní, "Ìwọ, kúrò níbẹ̀, lọ mú ẹgbẹ́ rẹ." Ní London, a ò mọ ilé ara wa. Ìtàn ẹni ò ṣáájú ẹni débi kan. Àfi kéèyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Èyí ló mú kí n sọ ohun kan fún ìyá ọmọ náà nínú ọkọ̀, tó mú un dákẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn kó tó wá síbí. Nígbà tó dé, orí ìpele tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n so ìgbànú funfun mọ́ ọn nídìí. Mélòó nínú wa ní Yarnton Way ni irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí? Olùkọ́ ogún ọdún di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, ọ̀gá báńkì di ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó dùn wá pé wọn ò ka àkísà wa kún. Àwa tó mọ ìrora yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà pé ìrírí ènìyàn kì í parẹ́ nítorí pé ó pààrọ̀ ilé. Bó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n kà á fún wa nígbà tó máa gbé wa ga, ẹ̀tọ́ náà ni pé ká kà á fúnra wa nígbà tó máa mú ìjà wa le sí i.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdíje, ẹ fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù yín: ṣé o ti jìjàkadì tàbí ṣe judo rí, fún ọdún mélòó? Àwọn ìdíje kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún tí ènìyàn ti fi ń jìjà ni wọ́n ń kà dípò àwọ̀. Ẹni tó bá ti lo ọdún púpọ̀, ẹ gbé e gun àtẹ̀gùn kan, kì í ṣe mẹ́rin.

Ẹ̀yin kóòṣì, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yín gbé wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fi í pamọ́ sábẹ́ funfun kí àmì-ẹ̀yẹ lè pọ̀ lára ògiri yín.

Ìwọ oníjàkadì, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wúrà tó o gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ̀yìn tó o ń kó fún ènìyàn ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ tó o máa bá ẹni tó lè gùn ún pàdé.

Ìwọ ọmọ tí wọ́n dá, bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Wo ohun tó gbé ọ ṣubú. Etí ẹni ẹlẹ́ni ò ní ba ìgbà rẹ jẹ́ bó o bá mọ bí wọ́n ṣe ń ti ìbàdí sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń sáré bọ̀ wá gbá ẹ nítan.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ. Kí a tó kúrò níbi ìdíje náà, mo bá ọ̀gbẹ́ni ọ̀hún nídìí ẹ̀rọ omi. Mo kí i kú oríire, mo wá nàka sí etí rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ọdún mẹ́sàn-án, láti iléèwé, ló ti ń jìjàkadì. Mo ní, "O ò wá sọ fún wọn?" Ó gbé èjìká. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà lọ bá ọmọ wa, tó fi hàn án ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ sí. Ọmọ náà ti wá ń lọ kọ́ ìjàkadì lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ báyìí. Mo ti kìlọ̀ fún un: bó bá di ọdún mélòó kan, tí fọ́ọ̀mù mìíràn bá dé ọwọ́ rẹ̀, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi í.