Kí Ìka Tó Yára, Kí Etí Ti Gbọ́

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá oníná kì í pẹ́ béèrè. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀ kí àgbà onígìtá tán, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, oṣù mélòó ni mo máa fi mọ lead?” Gìtá tó ń síwájú àwọn yòókù ló ń béèrè. Bàbá ò ní dá a lóhùn. Á ní kó fa wáyà gìtá náà yọ lára amplifáyà, kó wá àga tí kò lápá jókòó, kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn kan ṣoṣo sókè sódò títí tí òun á fi jẹ àmàlà òun tán. Àwọn kan kì í padà wá lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó bá padà wá ni bàbá máa ń bi ní orúkọ.

Kì í ṣe ìkà. Ojú ọmọdé wà lára ọwọ́ òsì, torí òun ló ń sáré kiri nínú fídíò tí wọ́n ń wò lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kàn ń yan ohùn ni. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń pinnu ìgbà tí ohùn náà máa jáde, bó ṣe máa le tó, àti ìgbà tó máa panu mọ́. Nínú orin tó jẹ́ pé ìlù ló ni ilé, bíi jùjú àti Afrobeat, ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣe ségesège á da gbogbo agbo rú, kódà kí ọwọ́ òsì rẹ̀ máa fò bí ẹdun.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó gbé àwo Juju Music sí i, èyí tí King Sunny Adé ṣe fún Island Records lọ́dún 1982. Kó fi orin tó ń kọ sílẹ̀, kó máa wá àwọn gìtá nìkan. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ọ̀kan á ta ohùn mẹ́ta mẹ́rin, á tún un ta. Òmíràn á dáhùn nínú àlàfo tí ẹnì kìíní fi sílẹ̀. Gìtá tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fi irin fà, tí wọ́n ń pè ní pedal steel, á wá máa yọ́ rìn lórí gbogbo wọn. Nínú ẹgbẹ́ Afrobeat ti Fẹlá, irú iṣẹ́ atúnnita yìí ní orúkọ tirẹ̀, tenor guitar, Oghene Kologbo sì wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Zombie, orin Fẹlá tó jáde lọ́dún 1976, lé ní ìṣẹ́jú 12. Ẹni tó máa ta gìtá irú orin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè di gbólóhùn kúkúrú kan mú fún gbogbo àkókò yẹn, láìsáré, láìwọ́lẹ̀, láìfi ọ̀ṣọ́ kún un nítorí pé ó ti sú u. Ẹni tó bá pè é ní iṣẹ́ kékeré, kó gbìyànjú ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Aago ara ògiri ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Ó ń dún nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, kì í sì í gbowó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ta ohùn kan sí ìró kan, sódò nìkan. Bó bá ti mọ́ ọn lára, kó ta méjì, ọ̀kan sódò, ọ̀kan sókè. Lẹ́yìn ìyẹn kó di mẹ́rin. Níkẹyìn ni kó wá yẹra fún ìró aago pátápátá, kó máa ta ohùn rẹ̀ sí àárín ìró méjì. Ibẹ̀ gan-an ni adùn jùjú fara pa mọ́ sí. Ike kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn, pick, àtàǹpàkò àti ẹ̀gbẹ́ ìka ìfábẹ̀lá ni kó dì í mú bí ẹni mú kọ́kọ́rọ́ ilé, kí ẹnu rẹ̀ nìkan yọ jáde. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́, níbi tí ọmọńdinrín wà, kó fara kan okùn díẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ ikùn gìtá. Ohùn á gé kúrú, á máa dún tó, tó, tó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, kò sí àwáwí. Gìtá oníná tí kò sí nínú iná ṣì ń dún, ohùn rẹ̀ kàn tín-ín-rín ni, ọwọ́ á sì máa kọ́ṣẹ́ lọ. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ dára ju wákàtí mẹ́ta ọjọ́ Sátidé lọ fíìfíì, torí ọwọ́ máa ń gbàgbé láàárín ọ̀sẹ̀.

Ti ọwọ́ òsì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n gé èékánná, kí wọ́n fi orí ìka tẹ okùn, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn ọrùn gìtá. Àwọn irin tó dábùú ọrùn náà ni wọ́n ń pè ní fret. Ẹ̀yìn irin yìí pẹ́kípẹ́kí ni ìka ń tẹ̀, kò gbọdọ̀ gun orí irin, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i. Bí okùn bá ń dún bí eṣinṣin inú ìgò, ibi tí ìka wà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n tó máa bú ẹni tó ta gìtá fún wọn. Orí ìka á dunni lọ́sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà awọ á le.

Lórí títún ohùn okùn ṣe, àwọn àgbà kì í fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀rọ orí fóònù rárá. Bí wọ́n bá kà á láti orí okùn tó nípọn jù lọ, E, A, D, G, B, E ni ohùn wọn. Ẹni tó bá tẹ okùn tó nípọn jù ní fret karùn-ún ti gbọ́ ohùn tó yẹ kí èyí tó tẹ̀ lé e máa dún láìtẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, fret karùn-ún sí ìkarùn-ún, àfi láti G sí B tó jẹ́ fret kẹrin. Ọmọ tó bá ń ṣe èyí láràárọ̀, etí rẹ̀ á ti là kí oṣù tó parí. Àmọ́ níbi yìí, àgbà kò tọ̀nà tán. Nínú agbo tí ìlù ti ń dún, ta ló máa gbọ́ ohùn okùn? Kí ọmọ fi etí ṣe é nílé, kó fi ẹ̀rọ ṣe é lóde.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí àgbà onígìtá tó jẹ́ Yorùbá fi yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gun àkàbà ohùn lọ sókè, kó máa sọ̀ kalẹ̀, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àgbà á ní kó ta orúkọ ìlú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó kọ́ Yorùbá ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ̀ pé dò, re, mí ni wọ́n fi ń kọ́ni ní àmì ohùn. Orí okùn kẹta, bí wọ́n bá kà á láti ìsàlẹ̀ níbi tí okùn tó tín-ín-rín jù wà, dò wà ní fret karùn-ún, re wà ní ìkeje, mí wà ní ìkẹsàn-án. Ìka ìfábẹ̀lá fún dò, ìka tí òrùka ń wà fún re, ọmọńdinrín fún mí. Ó tán.

“Ìlú wo lo ti wá?”

“Abẹ́òkúta ni, sà.”

“Ó yá, ta á fún mi.”

Re, mí, dò, mí, re: ìkeje, ìkẹsàn-án, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án, ìkeje. Ọmọ á ta á, á tún un ta, lójijì á bú sẹ́rìn-ín, nítorí gìtá ti pe ìlú rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni iṣẹ́ tirẹ̀ rọrùn jù, dò mẹ́ta ni. Èkó ní tirẹ̀ gba ọgbọ́n, torí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀ kì í fò lọ síbẹ̀, ńṣe ló ń gòkè lọ. Nítorí náà, kí ìka má ṣe gbéra: kó tẹ ìkarùn-ún, kó sì yọ́ lórí okùn lọ sí ìkẹsàn-án. Ohun tí onígángan ń fi apá fún nìyẹn.

Ibẹ̀ náà ni ọmọ ti máa kan ìṣòro. Bó bá ta Òṣogbo, tó tún ta Ìlọrin, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀: dò, re, re ni méjèèjì. Àyàn mọ èyí tipẹ́tipẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pe orúkọ lásán. Oríkì ló máa fi gbè é lẹ́yìn kí àṣìgbọ́ má bàa wà. Ọmọ onígìtá á wá rí i pé ohùn mẹ́ta kò tó gbólóhùn, pé òun ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń na ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń mí, ibi tí wọ́n ti ń dúró. Ẹni tó bá débẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lead tó wá béèrè, ó kàn jẹ́ pé kò tíì mọ̀ ni.

Iná wá ńkọ́? Ṣebí nítorí iná ni wọ́n ṣe rà á. Ayinde Bakare ni wọ́n kà sí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ohùn oníná wọ inú jùjú, lọ́dún 1949. Ní ayé Túndé King, aṣáájú olórin jùjú, ní Èkó láàárín ọdún 1930 sí 1939, ẹgbẹ́ jùjú kò ju ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin lọ, ohùn okùn kò sì ní agbára. Nígbà tí iná dé, okùn lè dúró ti gángan láìsí pé ó rì, ẹgbẹ́ sì rí àyè láti fi ìlù kún ìlù. Kí wọ́n lè gbọ́ ọ ni iná ṣe wúlò, kì í ṣe kó lè bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, àwọn àpótí kékeré tó ń mú kí gìtá máa han gooro, kí ọmọ gbé wọn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ariwo wọn máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ àṣìṣe rẹ̀ kò ní tún un ṣe.

Ó yẹ kí ọmọ mọ ohun tó gbé lọ́wọ́ pẹ̀lú. Lábẹ́ okùn gìtá oníná, òòfà wà tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Okùn irin tó bá gbọ̀n lókè òòfà yìí ló ń dá iná kékeré sínú wáyà, òun sì ni amplifáyà ń sọ di ńlá. Okùn ọ̀rá kò lè ṣe é, ẹni tó bá so ó mọ́ gìtá oníná ti fowó ṣòfò. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n gbé e sójú bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, kí wọ́n wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá ó ti wọ́. Ọyẹ́ pàápàá máa ń fa igi: ọrùn lè tẹ̀ díẹ̀, ẹnu àwọn irin fret á sì máa ha èèyàn lọ́wọ́. Nítorí ooru, wọn kì í gbé gìtá sínú bọ́ọ̀tì mọ́tò lọ́sàn-án gangan.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà kì í fi ṣeré. Lọ́dún 1972, ní ìlú Swansea ní Wales, Leslie Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows láti Scotland, fọwọ́ kan máíkì lórí pèpéle. Máíkì náà kò ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó yẹ kó kó iná tó ṣìnà wọlẹ̀. Iná gbé e, ó sì kú. Ẹni tó bá di gìtá mú, okùn irin ló dì mú. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan máíkì tí iná ti yà sí, ara rẹ̀ ni iná máa gbà kọjá. Lóde àríyá tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, tí òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ oníná bóyá ẹ́ẹ̀tì wà. Kí amplifáyà àti ẹ̀rọ máíkì jọ ti ojú iná kan náà jáde. Kó má sì dúró lórí ilẹ̀ tútù láìwọ bàtà. Bí máíkì bá ti ta á lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, kó sọ gìtá kalẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n máa bínú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, yàrá kò tó mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ onígìtá ilẹ̀ Yorùbá ti kọ́ láti bá akọrin tó ń yí ohùn padà láìsọ fẹ́nikẹ́ni rìn. Kí ọmọ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ onílù, kó má dúró sí ẹ̀gbẹ́ akọrin. Ebenezer Obey tó di ọ̀gá nínú jùjú pàápàá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Fatai Rolling Dollar kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, International Brothers, sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ẹni tó bá rí ẹgbẹ́ tó máa gbà á kó wá ta gbólóhùn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, kó yáa gbà, kó má béèrè owó ná.

Kó sì máa fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn tó bá ta á tán, torí òógùn máa ń mú wọn dípẹtà. Èyí tó tín-ín-rín jù lára okùn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kò nípọn ju 0.009 íńṣì lọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ já, àárín orin ló sì fẹ́ràn láti já sí. Ẹ ra méjì pa mọ́.