Ǹjẹ́ Ọmọ Náà Gbọ́ Ìrun Tí A Pè Sí I Létí?



Bí a bá bí ọmọ tuntun ní Ìjanikin níbí, a máa ń pe ìrun sí i ní etí ọ̀tún. Gbogbo ilé á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé: ǹjẹ́ ọmọ náà gbọ́? Nínú Suuratu-n-Nahl, aayah 78, gbígbọ́ ló ṣáájú rírí nínú àwọn ẹ̀bùn tí Ọlọ́run (S.W.T.) kà fún ẹni tó jáde láti inú ìyá rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ̀ nípa ẹ̀bùn náà.

BÍ ETÍ INÚ ṢE RÍ

Etí kì í ṣe èyí tí a fi ń kọ́ yẹtí nìkan. Etí inú wà nínú egungun orí, ó lọ́ bí ìkarawun ìgbín. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin oyún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Kí oyún tó pé oṣù méje, ọmọ inú ti ń gbọ́ ìró. Sẹ́ẹ̀lì onírun wẹ́wẹ́ bí 15,000 ló wà nínú etí inú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń gba ìró, tí iṣan sì ń gbé e lọ sí ọpọlọ. Ní 1988, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ti ẹyẹ bá bàjẹ́, òmíràn á hù rọ́pò rẹ̀. Ti ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Kí ló ń bà á jẹ́? Àwọn ọmọ kan jogún rẹ̀. Àrùn rubella lè mú ìyá nínú oyún. Ibà pọ́njú tó le, àrùn yírùnyírùn, àti abẹ́rẹ́ bíi gentamicin tí a ṣì lò, gbogbo wọn lè ba ìgbọ́rọ̀ ọmọ jẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀sùn àjẹ́ tàbí èpè kan ìyá ọmọ.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN NÍ ÈKÓ

Ní 1978, ní Lọ́ńdọ́nù, David Kemp ṣàwárí pé bí a bá fi ìró ránṣẹ́ sí etí inú tó pé, òun náà á dá ìró kékeré kan padà. Láti ibẹ̀ ni a ti rí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ etí ọmọ ọjọ́ díẹ̀ wò bó ti ń sùn. Kò ní abẹ́rẹ́, kò sì dun ọmọ.

Lára àwọn tó gbé ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyálọ́mọ Èkó ni Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà, dókítà àwọn ọmọdé tí òun fúnra rẹ̀ ní ìṣòro etí, tó sì dá ẹgbẹ́ Hearing International Nigeria sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni a kì í bí sí ọsibítù. Ibo wá ni ìyá wọn ń gbé wọn lọ? Ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG ni. Níbẹ̀ gan-an ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pàdé wọn, ní ibùdó mẹ́rin, ní 2005 sí 2006.

Ọmọ 2,003 ni wọ́n yẹ etí wọn wò. Ó ju ìdajì wọn lọ tí a kò bí sí ọsibítù. Wọ́n ní kí 82 padà wá fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. 50 péré ló padà. Nínú 50 yìí, 45 ni kò gbọ́rọ̀ dáadáa. Èsì náà jáde ní 2008 nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí àwọn 32 tí kò padà wá. Bóyá owó ọkọ̀ ni, bóyá bàbá ọmọ ló ní ọmọ òun kì í ṣe odi. Àwọn àgbà ní etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Àlọ nìkan ni àwọn òbí yẹn gbọ́.

KÍ NI IṢẸ́ WA?

Ọmọ tí a bá mọ ìṣòro rẹ̀ tí a sì ràn lọ́wọ́ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, ìbáà ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ tàbí èdè ọwọ́, máa ń mọ èdè ju ẹni tí a pẹ́ kí a tó mọ̀ lọ. Nítorí náà:

1. Ẹ má fi "yóò sọ̀rọ̀ tó bá yá" tu ara yín nínú. Bí ariwo kò bá ta ọmọ jí, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.
2. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ béèrè níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára ibi tí a ti ń yẹ etí ọmọ wò. Ẹ má kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ó lè fa ibà pọ́njú. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe inú oòrùn.
3. Ẹ̀yin arákùnrin, bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ bá ìyá ọmọ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín wà lára àwọn 32.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀPÉRÒ: (a) Kí ló dé tí ìwádìí yìí fi lọ síbi abẹ́rẹ́ BCG? (b) Kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe fún ìyálọ́mọ tí kò ní owó ọkọ̀ láti padà lọ?

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ etí àwọn ọmọ wa. Aamiin.