Ipa Ojú Ògiri lórí Ìrúdurùdu Afẹ́fẹ́ Asáré

ÌTUMỌ̀
1. Ògiri: ojú ara ohunkóhun tí afẹ́fẹ́ ń gbá kọjá, bíi apá bàálù.
2. Nọ́ńbà Mach: iye tí a rí bí a bá fi eré ohùn pín eré afẹ́fẹ́. Eré ohùn ní etí òkun tó mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.
3. Ìṣàn afúnpọ̀: ìṣàn tí afẹ́fẹ́ ti ń fún pọ̀ tàbí kí ó fẹ̀ bó ṣe ń sáré.
4. Ìpele etí ògiri: afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ tí ògiri dá dúró tàbí tó fà sẹ́yìn. Ludwig Prandtl, ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1904.
5. Ìṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ ń lọ ní ipele-ipele. Ìṣàn onírúdurùdu ń lọ́ pọ̀, ó sì ń gbé ooru òkè wá bá ògiri.

ORÍṢI ÒGIRI
1. Ògiri tútù àti gbígbóná. Leslie Mack, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìgbì ju ẹyọ kan lọ ló lè bẹ̀rẹ̀ ìrúdurùdu. Ògiri tútù ń pa ìgbì kìíní, ṣùgbọ́n ó ń fún ìgbì kejì lágbára.
2. Ògiri oníhò wínníwínní. Ìgbì kejì jẹ́ irú ohùn kan tó há sí etí ògiri. Àwọn ihò náà ń gbé e mì.
3. Ògiri gbágungbàgun. Ohun tó bá yọ síta lára rẹ̀ ń mú kí ìrúdurùdu tètè dé.

ÀPẸẸRẸ
1. Ní 2005, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú Discovery ti NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, wà lókè, wọ́n rí i pé aṣọ líle tí wọ́n fi di àlàfo àárín táìlì ikùn rẹ̀ yọ síta níbi méjì. Kò yọ tó sẹ̀ǹtímítà 3.
2. Bí ọkọ̀ bá ń padà wálé báyẹn, ìṣàn lè di onírúdurùdu nígbà tí eré ṣì pọ̀ jù, ooru ikùn yóò sì lé sí i.
3. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, Stephen Robinson, ọ̀kan lára àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, jáde lọ sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ fà wọ́n yọ.

ÌWÚLÒ
Ní 2009, NASA mọ̀ọ́mọ̀ fi gegele kékeré kan, tó ga ní nǹkan bíi mìlímítà 6, sábẹ́ apá òsì Discovery kan náà, láti wọn ooru ẹ̀yìn rẹ̀.

ÌṢÒRO
1. Ihò ìdánwò ni ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà kọjá lára àwòṣe ọkọ̀. Ògiri ihò náà ń dá ìrúdurùdu tirẹ̀ sílẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ń da ìṣàn ara àwòṣe rú ṣáájú àkókò.
2. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú kí ẹnu ihò ìdánwò Mach 6 ti Yunifásítì Purdue máa dán bíi dígí.