Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA ÌYÁ ỌLỌ́JÀ: KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTI ỌMỌ TÓ WÀ NÍ ABÚLÉ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má ṣe sọ pé ti àwọn alákọ̀wé ni. Tiwa ni.

Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní abúlé. Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ìdánwò JAMB. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni JAMB ń ṣe gbogbo ìdánwò wọn, kò sí ti bébà mọ́. Ọmọ yìí mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àkókò ti lọ. Nígbà tó sọ fún wa, a sunkún. Orí rẹ̀ pé o, a ò fi nǹkan náà hàn án rí ni.

Kí ni wọ́n ń pè ní coding?

Kọ̀ǹpútà kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀. Ohun tí a bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Kíkọ àṣẹ náà lẹ́sẹẹsẹ, ní èdè tó gbọ́, ni coding. Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá gba ọmọ tuntun kó wá bá wa ṣa tòmátì, ohun tí a ó sọ fún un rèé:

1. Mú ẹyọ kan nínú apẹ̀rẹ̀.
2. Bó bá le, gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún.
3. Bó bá ti rọ̀, gbé e sí ọwọ́ òsì.
4. Padà sí ìkíní, títí apẹ̀rẹ̀ yóò fi ṣófo.

Ẹ ò rí i, bí coding ṣe rí nìyẹn! Bí a bá gbàgbé ìkẹrin, ọmọ náà á ṣa ẹyọ kan, á jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà á ṣe. Nítorí náà, ọmọ lè fi ṣọ́ọ̀kì àti pátákó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.

Olùkọ́ kan ní Gánà

Ní 2018, Richard Appiah Akoto ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Sekyedomase, ìlú kékeré kan ní agbègbè Ashanti. Láti 2011 ilé ìwé náà kò ní kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánwò ìjọba ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ. Ló bá fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi ya ojú kọ̀ǹpútà sára pátákó. Ní oṣù kejì 2018, ó gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook, gbogbo ayé rí i. Ilé iṣẹ́ Microsoft mú un lọ sí Singapore ní oṣù kẹta, àwọn ènìyàn sì fún ilé ìwé náà ní kọ̀ǹpútà.

Pátákó nìkan kò tó o. Ṣùgbọ́n bí kò bá yà á, ta ni ìbá mọ̀ pé wọn kò ní?

Ní Èkó wa níbí náà, Abisoye Ajayi-Akinfolarin fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe sílẹ̀, ó dá Pearls Africa sílẹ̀ ní 2012. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní coding lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan àwọn ọmọ Makoko.

Ohun tí a lè ṣe

Bí a bá lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, ẹ jẹ́ ká yà sí ilé ìwé ọmọ wa, ká béèrè nǹkan mẹ́ta: Ṣé kọ̀ǹpútà wà? Ṣé iná wà tí yóò gbé e? Ta ló ń kọ́ wọn? Kọ̀ǹpútà tí kò ní iná, tí kò ní olùkọ́, ẹrù lásán ni.

Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe JAMB, ẹ jẹ́ kó wá sọ́dọ̀ wa ṣáájú, ká sanwó fún un níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá sọ èsì tí ẹ bá gbà nípàdé wa. Ajé á wọlé tọ̀ wá o, a ò ní tà ní àdánù. Àṣẹ.