Òógùn Eléré Yunifásítì: Ta Ló Ń Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Abúlé Òkúta ló ń fi ọkàn sí Amẹ́ríkà. Àpẹẹrẹ wọn ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Mùsùlùmí láti Èkó, tó wọ Yunifásítì Houston ní 1980 nítorí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1983 àti 1984, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì. Tíkẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n ń mú owó wọlé, ṣùgbọ́n òfin àjọ NCAA kò gba kí a san owó iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti ibùgbé ni wọ́n ń rí gbà.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ó di 2021 kí NCAA tó gbà pé eléré lè fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gba owó ìpolówó. Ní 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì máa pín owó fún eléré. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà ìkẹ́kọ̀ọ́ wọlé láti òkèèrè kò ní òmìnira yìí bí ọmọ onílẹ̀, nítorí òfin físà dí iṣẹ́ owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé àdéhùn wá, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ bèèrè pé: bí mo bá fi ara pa, ta ni yóò san owó ìtọ́jú? Ṣé n ó ṣì máa kàwé lọ? Ẹsẹ̀ lè rọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í rọ. Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.