Ẹ̀yin Ọmọ Tó Fẹ́ Sin Ẹja Adágún Màláwì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹja mbuna aláwọ̀ mèremère ti Adágún Màláwì ló wù yín, àwọn ìbátan epìyà tí à ń jẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú; pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Ẹ wá táǹkì gíláàsì tó gba nǹkan bíi lítà 400. Ẹ kọ́kọ́ to òkúta, kí ẹ tó da yanrìn yí i ká, torí mbuna máa ń walẹ̀. Òkúta tó bá jókòó lórí yanrìn lè wó lu gíláàsì. Ẹ tan ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, kí ẹ sì máa ju oúnjẹ díẹ̀ sómi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí bakitéríà tó ń gba oró ìgbẹ́ ẹja lè gbilẹ̀ kí ẹja tó wọlé.

Akọ kan, abo mẹ́ta ó kéré tán. Bí abo bá dá wà, akọ á lé e pa.

Bí ẹ bá rí abo tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, tí kò jẹun, ẹ má fòyà: ẹyin ló kó sẹ́nu. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tu ọmọ sílẹ̀. Ẹ rọra gbé e sí táǹkì mìíràn. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè gbé ẹyin mì. Tó bá tu àwọn ọmọ sílẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kó jẹun kánú fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó dá a padà sọ́dọ̀ akọ.